Ẹyẹlé Ń Bẹ Oníbodè

Ààlọ́ o! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dáhùn: Ààlọ̀! Àlọ́ mi fò títí, ó bà sórí òrùlé Ẹyẹlé, ẹni tó ń bá ará ìlú gbé lẹ́tà.

Eku ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé Ẹyẹlé, tí kì í tì, wọlé, ó ń ki lẹ́tà èké bọ inú àpò lẹ́tà rẹ̀: "Fi iṣu ránṣẹ́, wàá jọba." Ajá, oníbodè ìlú kejì, rí èké náà, ó bínú, ó kọ orúkọ Ẹyẹlé sára ògiri pé kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà tí Ẹyẹlé fẹ́ fi pe àwọn àna ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní ìlú náà síbi ìgbéyàwó wà nínú àpò náà.

Ẹyẹlé tẹríba, ó kọrin:
"Ajá oníbodè, dárí jì mí o."
Ẹ gbè é: Kùú-kùrú-kùú!

Ajá pa orúkọ rẹ́. Ẹyẹlé lọ gbé àpò dé, èké Eku ló tún kún un. Ajá tún kọ orúkọ. Ẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, bákan náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ajá ní: "Ṣé o ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ?"

"Bàbá oníbodè, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni mo bá wá." Ajá kò pa orúkọ rẹ́ mọ́.

Àna ò rí lẹ́tà, ọmọ Ẹyẹlé tó jẹ́ ìyàwó jókòó dè wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ wo Ẹyẹlé lónìí, orí rẹ̀ ń mì síwá sẹ́yìn: ó ṣì ń bẹ̀bẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ṣì wà ní ṣíṣí. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi ti ká ìyẹ́ kò.