Orí Akọ Tòlótòló Kò Lè Pa Àṣírí Mọ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò pìrì, ó bà lé tòlótòló igbó, ẹyẹ tí orí rẹ̀ pá kodoro.

"Màmá, kí ló jẹ ìyẹ́ orí ẹ̀?" Lágbàyí ọmọ-ọmọ mi ló bèèrè.

Mo ní, "Pa ẹnu mọ́ ná. Jókòó dáadáa, o ń tẹ Mọrẹ́nikẹ́ àbúrò ẹ lẹ́sẹ̀."

Ní ìgbà kan rí, tòlótòló ò gbé ilé ẹnikẹ́ni. Inú igbó ni wọ́n wà, tọkọtaya. Lọ́sàn-án, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tú ewé gbígbẹ, wọ́n á ṣa kòkòrò, wọ́n á ṣa èso tó jábọ́. Tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, wọ́n á fò lọ sórí igi gíga, torí tòlótòló kì í ríran dáadáa lálẹ́, ilẹ̀ sì ni ẹranko tó ń jẹ ẹyẹ ń rìn.

Akọ yẹn lẹ́wà. N ò ní purọ́ mọ́ ọn. Tó bá tẹ́ ìrù, bí abẹ̀bẹ̀ ni. Orí ẹ̀ tó pá yẹn ni ìṣòro. Tí inú ẹ̀ bá dùn, orí á funfun bí òwú. Tí ẹ̀rù bá bà á, orí á di àwọ̀ aró. Tí inú bá bí i, á pọ́n bí ẹyìn.

Mọrẹ́nikẹ́ ní, "Kò lè dé fìlà ni?"

"Ta ló máa rán fìlà fún ẹyẹ?"

Ó ṣe, abo yé ẹyin méjìlá. Ilẹ̀ ló yé e sí, lábẹ́ ìtàkùn, nídìí ọ̀pẹ kan. Ó fi ewé bò ó.

Ọkọ ẹ̀ ní, "Níbo lo yé sí?"

"Ibi tó dáa ni."

"Ṣé ọmọ ẹlòmíràn ni, tí n ò fi ní mọ ibẹ̀?"

Ó bèèrè láàárọ̀, ó bèèrè lálẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó sú obìnrin, ó mú un débẹ̀. Ó ní, "Baálé mi, ẹ ti rí i. Tí ènìyàn bá yọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fò. Ẹ má dúró bá a sọ̀rọ̀."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Obìnrin kan wà nílùú, Efúnyẹlá lorúkọ ẹ̀. Adìẹ ẹ̀ ń sàba, gbogbo ẹyin tó sàba lé dòbu, adìẹ ò sì dìde. Efúnyẹlá gbé apẹ̀rẹ̀, ó wọ igbó lọ wá ẹyin ẹyẹkẹ́yẹ tó máa fi sábẹ́ ẹ̀.

Abo tòlótòló ti lọ yí ara nínú eruku. Akọ ni Efúnyẹlá bá.

"Ẹ ǹlẹ́ o, baba. Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ó ti yé?"

"N ò mọ̀."

Ó yẹ kó fò nígbà yẹn. Apá kankan ò dùn ún. Àmọ́ Efúnyẹlá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. "Onírù bí abẹ̀bẹ̀. Arìn-bí-ẹni-dádé. Gbogbo ẹyẹ ló wọṣọ, ìwọ lo mọ̀ ọ́n wọ̀."

Ló bá tẹ́ ìrù. Orí ẹ̀ funfun báláú.

Efúnyẹlá ń kì í, ó ń rìn. Ó kọjú sí odò, orí funfun. Ó kọjú sí ìdí ọ̀pẹ, orí di aró. Efúnyẹlá dúró. Ó sún sẹ́yìn, orí funfun. Ó sún síwájú, orí di aró.

Lágbàyí bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀rín o. Ọmọ méjìlá ló wà níbẹ̀."

Ó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta kó dé ibẹ̀, orí pọ́n bí ẹyìn. Akọ ní, "Kò sí nǹkankan lábẹ́ ìtàkùn yẹn."

"Mo gbọ́, baba." Efúnyẹlá ṣí ìtàkùn, ó kó ẹyin méjèèjìlá sínú apẹ̀rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Abo dé, ó bá ewé lásán.

Ọkọ ẹ̀ ní, "N ò sọ fún un."

"Mo mọ̀. Orí yín ló sọ. Kí ló dé tẹ́ ò fò?"

Ó wá ní, "Ó ń kì mí lọ́wọ́ ni."

Abo ò bá a jà. Ó lọ bà sórí igi lẹ́yìnkùlé Efúnyẹlá, ó ń ka ọjọ́. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ó gbọ́ tí ọmọ ń ké lábẹ́ adìẹ. Ajá Efúnyẹlá ò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n so ajá mọ́lẹ̀, ìgbà yẹn ló tó sọ̀ kalẹ̀.

"Ọmọ mi nìyẹn," ló wí.

Efúnyẹlá kì í ṣe ìkà. Ó ń fún àwọn ọmọ náà ní ikán jẹ lọ́wọ́. Ó ní, "N ò bá ọ jiyàn. Pè wọ́n. Èyí tó bá tẹ̀ lé ọ, máa mú un lọ."

Ẹ bá mi gbe orin ẹ̀:

Ẹ̀yin tí mo yé sábẹ́ ìtàkùn,
*Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀.*
Ewé ni mo fi bò yín lọ́jọ́ òjò,
*Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀.*
Inú èèpo lẹ wà tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀,
*Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀.*

Méjèèjìlá gbórí sókè. Adìẹ ní, "Kọ̀, kọ̀, kọ̀." Mọ́kànlá sá wọ abẹ́ apá ẹ̀. Ọ̀kan dúró, ó ń wo ìyá ẹ̀. Ó rin ẹsẹ̀ méjì sọ́dọ̀ ẹ̀. Adìẹ tún pè lẹ́ẹ̀kan. Òun náà sá lọ.

"Màmá, kí ló dé tí wọn ò mọ̀ ọ́n?" Ohùn Mọrẹ́nikẹ́ ti fẹ́ di ẹkún.

"Ẹni tí ọmọ ẹyẹ bá lọ́jọ́ tó jáde, òun ló ń pè ní ìyá."

Abo fò lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni. Látọjọ́ náà, abo tòlótòló igbó kì í jẹ́ kí ọkọ mọ ibi tó yé sí. Òun nìkan ní í sàba, òun nìkan ní í tọ́mọ. Akọ á máa pariwo kiri igbó, á máa tẹ́ ìrù, kò mọ iye ọmọ tó bí. Àwọn tó dàgbà nílé Efúnyẹlá ló bí tòlótòló tí ẹ̀ ń lé kiri àgbàlá yìí.

Ohun tó kọ́ wa ò lọ́. Má fi ẹni tó fẹ́ràn ìyìn ṣọ́ ohun tó ṣọ̀wọ́n. Kò ní tà á o, àmọ́ á dúró gbọ́ oríkì, wọ́n á sì kó o lọ lójú ẹ̀.

"Ṣé abo yẹn ò tún padà lọ pè wọ́n ni?" Mọrẹ́nikẹ́ ló bèèrè.

"Kí ló fẹ́ lọ gbọ́?"

Ibi tí àlọ́ mi gùn mọ nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi má gé iṣu. Bí n ò bá purọ́, kí wọ́n ró lẹ́ẹ̀mẹta. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.

Wọ́n ró. Ẹ dìde, ẹ lọ tẹ́ ẹní yín sílẹ̀.