Bí Iyùn Òkun Tútù Ṣe Di Aláìlégungun

Nígbà láéláé, kí òkun tútù tó mọ ohun tó ń jẹ́ àwọ̀n, Iyùn, ẹ̀dá abẹ̀mí ìsàlẹ̀ òkun, ní egungun, ó sì ní ẹsẹ̀. Ó ń rìn, ó ń yan. Ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, gbogbo rẹ̀ ló sì máa ń là fún àlejò. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án, àfi kí Iyùn gbá a mọ́ra.

Ó ń tọ́ ọmọ òrukàn kan, Ẹṣin-Òkun, ẹja kékeré tí orí rẹ̀ dà bí ti ẹṣin, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Bí ọmọ yìí bá pẹ́ níta, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun Iyùn.

Lọ́jọ́ kan, àlejò kan ń wọ́ ilẹ̀ bọ̀, gbogbo omi dàrú. Àwọ̀n apẹja ni, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́n? Ó fara kan Iyùn.

"Ẹ káàbọ̀ o!" Iyùn la gbogbo ọwọ́ rẹ̀, ọmọ tó gbá mọ́ra sì bọ́ síta. Yéè! Àwọ̀n ti gba ọmọ lọ.

"Alákàn, gbà mí o! Ọmọ mi!"

Ní ayé ìgbà yẹn, ara Alákàn rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi yìí ò lè gé koríko, ká má tíì sọ okùn. Ẹ yá mi ní egungun yín. Bí mo bá dé, màá dá a padà."

"Kó gbogbo rẹ̀! Ọmọ laṣọ mi. Ṣáà tètè!"

Alákàn gbé egungun wọ̀ bí ẹ̀wù, ó sáré bá àwọ̀n, ó gé okùn, ọmọ bọ́. Iyùn ti rọ̀ sílẹ̀ jọ́bọ́tọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àpáta.

Alákàn wo ara rẹ̀. Ẹ̀wù náà bá a mu. "Ẹ̀gbọ́n, ó di ọ̀la." Ọ̀la yẹn ò tíì dé títí dòní. Aláìlójútì! Rárá o, ojú ń tì í díẹ̀: ẹ ò rí i bó ṣe ń fẹ̀gbẹ́ rìn? Kò lè kọjú sí Iyùn.

Iyùn sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Lọ wá ẹni tó lè gbé ọ sá. Àwọ̀n á tún wá, mi ò sì lẹ́sẹ̀ mọ́."

Ọmọ náà ní, "Ìyá, bó bá wá, á gbé wa pọ̀ ni."

Láti ọjọ́ náà ni iyùn òkun tútù kò ti ní egungun. Bí nǹkan bá fara kàn án, kíá ló ń ká ọwọ́ kò. Àwọ̀n ṣì ń wá. Ẹṣin-òkun náà ò sì lọ síbì kankan: ó fi ìrù wé ìyá rẹ̀, ó dì í mú ṣinṣin.