Ọkọ̀ Tí Ń Gbọ̀n Bí Ẹni Ibà Ń Ṣe

Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn dókítà ojú tó wá sí Ṣakí máa padà lọ, ìyá Oyèérìndé kò sì tíì kúrò nílé. Ọkọ̀ àtijọ́ onídísẹ́lì tí yóò gbé e lọ ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe, ó ń tu èéfín funfun, ó sì tún kú.

"Ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ nìyẹn," Oyèérìndé wí, ó gbé sípánà ńlá. "N óò tú u palẹ̀."

Fẹ́hìntọlá ìyàwó rẹ̀ di sípánà mú. "Bàbá Ìbejì, ẹ rọra. Tí ẹ bá tú u, ta ni yóò tò ó kí ilẹ̀ tó ṣú? Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí epo ń gbà."

Ó fọwọ́ tọ rọ́bà epo láti ìdí táńkì. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n fi àgékù tíúbù kẹ̀kẹ́ dì, ọwọ́ rẹ̀ rin. Epo ti jẹ tíúbù náà rà, afẹ́fẹ́ sì ń gbabẹ̀ wọlé.

"Ta ló di èyí?"

Oyèérìndé wolẹ̀. Ìyá bú sẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. "Ojú mi ṣókùnkùn o, Àkànbí ọmọ mi, àmọ́ mo rí ẹni tó dì í!"

Fẹ́hìntọlá gé ibi tó rà kúrò, ó ti rọ́bà náà padà, ó fi wáyà dì í pinpin. Wọ́n fọwọ́ pọ́ǹpù epo títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán. Oyèérìndé ṣíná sí i, ẹ́ńjìnnì sì dún geere.

Wọ́n bá àwọn dókítà níbẹ̀, wọ́n sì tọ́jú ojú Ìyá. Ìyá ti ń fúnra rẹ̀ ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ báyìí, rọ́bà epo náà kò sì jò mọ́.