Ìdì Kan ni ti Oníbodè

Ìdì kan ni ti oníbodè, ìdì kejì ni ti onílé. Bí ẹ bá jókòó ti àwọn àgbà lágbègbè Ṣàgámù, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa òwe yìí, ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Àwọn kan á yára dáhùn pé láti ayé àwọn tó ń kó obì lọ sí Òkè Ọya ni. Wọn ò parọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbọ́. Ọ̀dọ̀ olóbì ni òwe náà ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́ di òwe. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rò pé gbogbo òwe ló dàgbà ju bàbá òun lọ, kò tíì fetí sílẹ̀ dáadáa ni.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọlátóún. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tó ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sétí odò. Pọ́ǹdù mẹ́fà ni wọ́n ní. Ẹja ńláńlá ló wà nínú mẹ́rin àkọ́kọ́. Ọmọ ẹja ló wà nínú ìkarùn-ún àti ìkẹfà, àwọn ọmọ ẹja yìí ni gbogbo ẹgbẹ́ sì gbójú lé fún ọdún tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́yin ni àwọn obìnrin náà ti ń gba iṣẹ́ wọn ṣe lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ nígbà mẹ́rin lójúmọ́. Àwọn mìíràn ò fún ọmọ tiwọn tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ṣóyọyè ló ń ṣọ́ ọgbà náà. Òun náà ló sì ń ṣí omi tó ń pa á dé, torí kọ́kọ́rọ́ irin gígùn kan wà ní ìbàdí rẹ̀ tó fi ń yí ẹnu páìpù. Bí Ọlátóún bá ti wọlé láàárọ̀, Bàbá á gbójú sókè á ní, “Ìyàwó mi, ṣé o jíire?” Ọlátóún náà á kúnlẹ̀, á bi í pé ìyáálé òun ńkọ́ nílé. Eré wọn nìyẹn lójoojúmọ́, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sẹ́nu páìpù kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé lè máa ti inú ọ́fíìsì pàṣẹ fún un. Bàbá Ṣóyọyè wò ó títí, ó ní ohun tí kò lójú tó lè fi rí omi kò yẹ kó máa ṣí omi. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó má jowú.

Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà wá láti Èkó, ó sì fi ọjọ́ méjì kọ́ Ọlátóún. Kò sí àwòrán tí èèyàn ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà, ojú dúdú kan lásán ni. Èèyàn á fi ọ̀rọ̀ kọ àṣẹ sójú dúdú yìí, á sì fi ránṣẹ́. Olùkọ́ náà ṣàlàyé pé àṣẹ kì í lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ omi. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan wà láàárín nínú kọ̀ǹpútà tó máa kọ́kọ́ gbà á, tó máa tú ohun tí wọ́n fi dì í kúrò, kó tó fà á lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Àṣẹ kúkúrú kò ní wàhálà, kò sí ohun tí wọ́n fi dì í. Ṣùgbọ́n bí àṣẹ bá ní ọ̀rọ̀ nínú ọ̀rọ̀, pé pọ́ǹdù wo ni, omi mélòó ni, ìgbà wo ni kí wọ́n pa á dé, inú àkámọ́ ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí, wọ́n á sì fi àmì kéékèèké méjì ká ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún gbọ́dọ̀ fi àmì mìíràn ká àkámọ́ náà fúnra rẹ̀ mọ́ látìta. Ọlátóún kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fa ìlà sí i nídìí. Ó fa ìlà sí i ni o, n kò sọ pé ó yé e.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àṣẹ kúkúrú ló ń pa. Ṣí ìkejì. Pa ìkẹta dé. Omi ń gbọ́, orí Ọlátóún sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó ti ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun lòun ń bá omi wí.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, Àlàájà Ráliátù tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ sọ fún un pé àwọn tó máa wá kó ẹja ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní kó fa omi pọ́ǹdù kẹrin sílẹ̀ dé ìdajì, kó sì pa á dé lẹ́yìn wákàtí kan. Àkọ́kọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ọlátóún jókòó, ó kọ ọ́ dáadáa. Ó ṣí àkámọ́, ó fi àmì ká ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó pa àkámọ́ dé. Ó wá rántí àmì tìta. Ó wò ó pé àmì ti wà nínú, kí ni àmì tún ń wá lóde? Lójú tirẹ̀, àfi bí ẹni ń wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù nínú ooru. Ó fi àṣẹ náà ránṣẹ́ bó ṣe wà. Ojú dúdú dáhùn pé ó ti ṣe. Ọlátóún gbé báàgì rẹ̀, ó lọ wo aṣọ tó ń rán lọ́dọ̀ télọ̀.

Aago mẹ́rin ló padà dé. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ ariwo. Gbogbo pọ́ǹdù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wà ní ṣíṣí. Àwọn ẹja ńlá ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú ẹrẹ̀, àwọn obìnrin sì ń fi bàsíà gbé omi lé wọn lórí. Ìyẹn ṣeé gbà là. Ṣùgbọ́n ìkarùn-ún àti ìkẹfà ti gbẹ. Àwọn ọmọ ẹja ti gba ojú àwọ̀n páìpù kọjá, wọ́n ti bá omi lọ sínú odò, odò kì í sì í dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ padà. Obìnrin kan jókòó sórí ilẹ̀, bàsíà òfìfo wà ní itan rẹ̀.

Àlàájà Ráliátù béèrè ẹni tó ṣí omi. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn lọ sí ìbàdí Bàbá Ṣóyọyè, níbi tí kọ́kọ́rọ́ irin wà. Ta ni kò mọ̀ pé Bàbá ò fẹ́ràn ẹ̀rọ? Àlàájà wá yíjú sí akọ̀wé.

“Ọlátóún, ṣé àṣẹ rẹ ló ṣí gbogbo ẹ̀?”

Ọlátóún rántí àmì tìta tó fò. Kò tíì mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

“Pọ́ǹdù kẹrin nìkan ni mo pàṣẹ fún, mà.”

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun tó mú un burú nìyẹn. Bó ti sọ ọ́ tán, ó gbójú sókè, ó rí i pé Bàbá Ṣóyọyè ń wo òun. Kò bínú. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ó wò ó pẹ́, Ọlátóún sì tẹ ojú mọ́lẹ̀. Bàbá wá tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìbàdí, ó gbé e sórí ògiri pọ́ǹdù, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ dúró lẹ́nu géètì mú fìlà rẹ̀.

Nígbà tí Ọlátóún wọ ọ́fíìsì, ó ṣí ibi tí ẹ̀rọ omi ń kọ gbogbo àṣẹ tó bá gbà sí. Ó rí àṣẹ tirẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a mọ̀. Àmì inú ló jẹ́ ti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí tìta, àmì inú yẹn ni ẹni tó wà láàárín rí, òun ló sì tú dànù. Ọ̀rọ̀ ti fọ́n káàkiri. Ẹ̀rọ wo ìhín wo ọ̀hún, kò mọ pọ́ǹdù tí wọ́n ń wí. Bí wọ́n sì ti ṣe é ni pé bí kò bá ti rí pọ́ǹdù kan pàtó, gbogbo wọn ni kó ṣí. Ọlátóún pa kọ̀ǹpútà dé. Ó yẹ kó jáde lójú ẹsẹ̀ kó lọ sọ fún wọn. Kò jáde.

Ojú tì í lọ́jọ́ Ẹtì, ó tì í lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn obìnrin ń kí i kú ìrọ́jú, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ni Bàbá fẹ́ bà jẹ́. Ìkíni kọ̀ọ̀kan ń jó o bí ata. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé ìlara ló ń da àgbàlagbà náà láàmú, Ọlátóún sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí. Nínú gbogbo ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, orí tó mì yìí ni kò jẹ́ kó lè gbé oúnjẹ mì. Fìlà Bàbá ṣì wà lórí ìṣó lẹ́nu géètì, bó bá sì ń kọjá, apá kejì ló ń wò.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ilé Bàbá Ṣóyọyè. Bàbá ń di obì fún ìyàwó rẹ̀ tó ṣì ń tà á. Ọlátóún kúnlẹ̀ kí i. Bàbá ní kó bá òun di etí àpò mú. Ó di í mú. Bàbá da obì sórí ewé, ó fi okùn dì í, ó ta kókó tirẹ̀ sí i, ó gbé e sínú àpò. Ó di òmíràn, ó tún ta kókó mìíràn sí i. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ẹnu àpò. Kí Ọlátóún lè rí nǹkan sọ, ó béèrè pé nígbà tí àpò wà, kí ni wọ́n tún ń di tinú fún.

“Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́,” ni Bàbá wí, “obì èèyàn mẹ́wàá ni mò ń kó sínú àpò kan lọ sí Òkè Ọya. Gbogbo bodè tí a bá dé ni wọ́n ń tú àpò wò. Oníbodè ò jẹ̀bi, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tú u. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ, ìdì kan ṣoṣo ni mo di. Oníbodè tú u, obì àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dàpọ̀, mo dé ọ̀hún tán, kò sẹ́ni tó mọ tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo kọ́gbọ́n. Ìdì kan ni ti oníbodè, ìdì kejì ni ti onílé.”

Ọlátóún bú sẹ́kún. Àkámọ́ tó wà nínú ìwé rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méje ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ni. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: àmì tó fò, télọ̀ tó lọ, orí tó mì. Bàbá ń rán àpò rẹ̀ lọ. Nígbà tí Ọlátóún dákẹ́, ó sọ fún un pé òun wà lẹ́bàá pọ́ǹdù kẹfà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ojú òun sì ni ẹ̀rọ ṣe yí ẹnu páìpù fúnra rẹ̀. Òun sáré sí i, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ òun ò lágbára lórí ẹ̀rọ.

“Ẹ rí i, Bàbá, ẹ ò sì sọ?”

“Mo dúró kí o sọ ọ́ ni,” ni Bàbá wí. “Mo dúró pẹ́.”

Ní ọjọ́ Ajé, Ọlátóún dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ó gbé ìwé méjì lọ́wọ́, àṣẹ bó ṣe kọ ọ́ àti àṣẹ bí ẹ̀rọ ṣe gbà á. Ó ní òun ni òun da àwọn ọmọ ẹja sódò, ó sì ròyìn ọ̀rọ̀ oníbodè tó gbọ́ lẹ́nu Bàbá fún wọn. Ó ní òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tí òun sọ ní Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n etí àwọn tó ń béèrè nìkan lòun di í fún, òun ò ro ẹni tí yóò já lé lórí. Wọ́n rò pé Àlàájà Ráliátù máa pariwo. Àlàájà kàn béèrè ẹni tó máa dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Bàbá. Kò sẹ́ni tó lè dìde, torí ojú gbogbo wọn ló wo ìbàdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Níkẹyìn, gbogbo wọn ló jọ lọ, Ọlátóún ló sì gbé fìlà.

Bàbá gba kọ́kọ́rọ́ àti fìlà lọ́wọ́ wọn, kò bá wọn wí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ti wà lẹ́nu géètì kí Ọlátóún tó dé. Ọlátóún kúnlẹ̀, ó ń retí ìkíni rẹ̀. Bàbá yọ fìlà díẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Akọ̀wé,” ló wí.

Bó ṣe ń kí i láti ọjọ́ náà nìyẹn. Kò pè é ní ìyàwó rẹ̀ mọ́.

Ẹnu àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ni òwe náà ti bọ́ sígboro. Ẹni tó bá fẹ́ kọ àṣẹ gígùn sí kọ̀ǹpútà, wọ́n á rán an létí rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tí kò mọ kọ̀ǹpútà rí náà fi gbà á lò. Lónìí, àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tó bá fẹ́ fi ohun pàtàkì rán ẹlòmíràn, tí kò rò ó pé ọwọ́ tó wà láàárín máa tú u. Wọ́n tún máa ń pa á fún ẹni tó bá sọ òótọ́ tó gba ara rẹ̀ sílẹ̀, tó sì kó ẹlòmíràn sí yọ́ọ́yọ́ọ́: ìdì kan ni ti oníbodè, ìdì kejì ni ti onílé. Wọ́n ní bí wọ́n bá pa á níbi tí Ọlátóún bá wà, òun náà á mi orí.