Bí Lẹ́tà Ọ Ṣe Gba Afẹ́fẹ́ Láyè

Nígbà láéláé, kí wọ́n tó bí baba ẹni tó ń sọ ìtàn yìí, gbogbo lẹ́tà ló tẹ́ẹ́rẹ́. Inú ìwé ni wọ́n ń gbé, wọ́n á tò bí èèrà.

Ìlú kan tó ń jẹ́ Ọ̀la wà létí ọ̀sà. Àwọn apẹja ibẹ̀ máa ń ṣìnà ilé. Àwọn àgbà bá ní kí lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ìlú gun orí ẹnubodè, kí àwọn apẹja lè rí wọn látòkèèrè. Inú Ọ dùn débi pé kò lè jẹun. Òun ni yóò ṣíwájú.

Àmọ́ ikùn Ọ rí roboto, àmì bíńtín tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló sì fi ṣe ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, Ọ yí gbirigbiri bọ́ sínú ẹrẹ̀. Àwọn apẹja dé, wọ́n rí L àti A nìkan. Wọ́n ní, "Ìlú wa kọ́ nìyí," wọ́n sì wa ọkọ̀ kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn ìyàwó wọn fi dúró létí omi.

L sọ pé, "Ẹlẹ́sẹ̀ kan, padà sínú ìwé. A ó wá ẹlòmíràn."

Ojú ti Ọ gan-an. Ó sunkún lọ bá Ògúndìran alágbẹ̀dẹ. "Baba, ẹ sọ mí di líle, kí afẹ́fẹ́ má lè gbé mi."

"Líle kọ́," ni baba wí. "Wo àwọ̀n tí wọ́n sá sórí igi yẹn. Ṣé afẹ́fẹ́ ti gbé e rí? Ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá ni."

Ló bá ki Ọ bọ iná. Ó nà án kó fẹ̀, ó ṣe igun sí i, ó là á láàárín lókè àti nísàlẹ̀, ó sì lu ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ.

Nígbà tí A rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kí lèyí? Àfi bí ohun tí àwọn ọmọ tí a ò tíì bí máa lò."

Kò pẹ́ tí ìjì dé. L ń gbọ̀n, A ń yẹ̀. Ọ ní, "Ẹ di ìbàdí mi mú." Ìjì gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń súfèé lọ. Ọ kò mì. Lójú agbami, àwọn apẹja rí orúkọ ìlú wọn gàdàgbà, wọ́n sì wa ọkọ̀ wálé. Orin ni àwọn ìyàwó wọn fi pàdé wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀pọ̀ lẹ́tà tò sẹ́nu ọ̀nà alágbẹ̀dẹ, ó sì rọ àwọn náà bí Ọ. Orí wọn wú, wọ́n kó ara tuntun náà wọnú ìwé ìtàn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló gba ojú ewé kan, ojú sì ń ro àwọn ọmọdé tó ń kà á. Ọ, tí kò gbàgbé ẹrẹ̀, sọ fún àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tó kù pé, "Ẹ̀yin ẹ máa sọ ìtàn. Àwa á máa pe èèyàn wálé."

Láti ọjọ́ náà ni lẹ́tà gàdàgbà tó ní igun, tó là láàárín, ti ń gbé lórí pátákó, lára ọkọ̀ àti lára èèpo ẹ̀yìn ìwé, tí wọn kì í fi kọ ìtàn gígùn. Bí ẹ bá rí Ọ níbẹ̀ tó fẹsẹ̀ pẹlẹbẹ dúró, ẹ má pè é ní ẹlẹ́sẹ̀ kan. Òun ló mú àwọn apẹja délé.