Àrọ̀ Inú Ìkòkò Omíṣadé

Ní ìlú Ìdí-Àbàtà, ẹja kì í ṣe ohun ọbẹ̀ nìkan. Adágún omi tó wà nísàlẹ̀ ìlú ni oko wọn, òun náà ni ọjà wọn. Ṣùgbọ́n adágún yìí ní ìwà kan tó máa ń ba àlejò lẹ́rù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ó máa ń gbẹ kanlẹ̀ títí ilẹ̀ rẹ̀ yóò fi sán. Ẹni tí kò mọ àṣà wọn yóò ní ẹja ti tán níbẹ̀ nìyẹn. Kò tíì tán o. Kí omi tó fà, àwọn ará Ìdí-Àbàtà a ti mú irú ẹja sọ́tọ̀, wọn a máa sìn ín nínú ìkòkò ńlá kan nínú ilé. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí adágún sì kún, wọn a kó o padà sómi kí ó lọ máa bí sí i. Obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ń fa ìkòkò náà lé lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Ìyá Ẹja ni wọ́n ń pè é.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Omíṣadé ni ìkòkò kàn. Opó ni. Àjàdí ọkọ rẹ̀ ní ojú omi kan létí adágún, lábẹ́ àwọn gbòǹgbò igi, níbi tí ìgèrè tí wọ́n fi ń mú ẹja kì í ti í ṣófo. Nígbà tí Àjàdí kú, Ìgè àbúrò rẹ̀ ní òun ni ojú omi náà tọ́ sí. Omíṣadé náà ní kí ni òun àti Àdùnbí, ọmọ kékeré tí ọkọ òun fi sílẹ̀, yóò máa jẹ? Ọ̀rọ̀ náà di ti Omíyalé, olórí àwọn apẹja.

Omíyalé ní, “Omíṣadé, gba ìkòkò ọdún yìí. Bí irú ẹja bá dé adágún láàyè, ojú omi Àjàdí di tìrẹ àti ti ọmọ rẹ. Bí wọ́n bá tán sí ọ lọ́wọ́, Ìgè ni yóò máa dẹ ibẹ̀. Ẹni tí kò lè tọ́jú omi inú ìkòkò, ta ni yóò fi ti adágún lé e lọ́wọ́?”

Omíṣadé kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Láti ibẹ̀ ló ti gba ilé Àjíún lọ, ìyá àgbà amọ̀kòkò tí ilé rẹ̀ àti tirẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Ìkòkò kan wà níbẹ̀ tó wù ú púpọ̀, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì fín ọnà sí i lára yípo. Àjíún gbá a lọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀.

“Ìyẹn dára fún omi mímu. Bí o bá fi ẹja sí i, yóò mí títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́nu gbòòrò ni kí o gbé, tí atẹ́gùn yóò lè máa fẹ́ sí omi lórí. Ẹwà kọ́ la fẹ́ fi ṣe.”

Omíṣadé gbọ́ ìmọ̀ràn. Ó rẹ ìkòkò ẹlẹ́nu gbòòrò náà sómi títí òórùn iná ìsunkòkò fi kúrò lára rẹ̀. Ó fọ iyanrìn títí omi ìdànù rẹ̀ fi mọ́ kedere, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀. Omi adágún gan-an ló pọn sí i, kò bu omi kànga, nítorí ara ẹja kì í gba omi tí kò mọ̀. Ó gbin òṣíbàtà sí i kí ewé rẹ̀ lè máa ṣe ibòòji. Lẹ́yìn náà ló wá ṣa ẹja. Epìyà ló ṣà, èyí tí lẹbẹ rẹ̀ kò ya, tí ìpẹ́ rẹ̀ kò ṣí, tí ojú rẹ̀ sì ń dán. Ó jẹ́ kí abo pọ̀ ju akọ lọ, nítorí akọ epìyà fẹ́ràn ìjà. Kò sì kó wọn jù. Ìkòkò kì í ṣe adágún. Láti ìgbà dé ìgbà, a bu omi díẹ̀ kúrò, a bu òmíràn sí i láti inú èyí tó tọ́jú pamọ́. Kò sí ẹni tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí kò yìn ín.

Ìgè náà wá yìn ín. Ó gbé igbá kékeré kan lọ́wọ́.

“Ìyàwó, o kú iṣẹ́ o.”

“Ẹ ṣeun, Adúmáadán,” ni Omíṣadé dáhùn. Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, orúkọ tí òun fún un ló fi ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé Àjàdí.

“Wo ọmọ òrukàn tí mo rí nínú ẹrẹ̀. Mo ní kí n mú un wá bá ọ. Ilẹ̀ ni yóò máa jẹ̀, yóò máa bá ọ kó ìdọ̀tí inú ìkòkò.”

Omíṣadé wo inú igbá. Àrọ̀ ni. Ta ni kò mọ̀ ní Ìdí-Àbàtà pé àrọ̀ ń jẹ ẹja? Àmọ́ èyí kò tó ìka rẹ̀, epìyà tó kéré jù nínú ìkòkò jù ú lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ta ló bí opó dáadáa tí yóò fi da ọrẹ ọkọ padà, nígbà tí gbogbo agbo ilé ṣì ń wò ó bóyá yóò dúró tàbí yóò lọ? Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bó bá dàgbà díẹ̀, òun yóò mú un jáde.

Lójú ọ̀sán, àrọ̀ yìí kì í mira. Inú iyanrìn ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìjà. Àwọn epìyà a máa ṣeré kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, epìyà kan bímọ, àwọn ọmọ náà kún orí omi wìnnìwìnnì. Inú Omíṣadé dùn, ó pe Àdùnbí kó wá wò wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò rí ọ̀kan nínú wọn mọ́. Ẹ̀rù kò bà á. Gbogbo apẹja ló mọ̀ pé epìyà a máa kó ọmọ rẹ̀ sẹ́nu bó bá fura sí ewu, a sì tún tu wọ́n jáde. Ó ní ìyá wọn ti kó wọn sẹ́nu.

Àjíún ló kọ́kọ́ fura. Ó bẹ ìkòkò wò, ó sì ya ẹnu.

“Kí ni àrọ̀ yìí ń jẹ tó fi ń ki báyìí?”

“Ìdọ̀tí ni, Ìyá.”

“Háà! Èmi náà ń jẹ ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sanra. Omíṣadé, mú ẹja yìí kúrò níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó ti na ọwọ́ sí omi tán nígbà tí Ìgè wọlé.

“Ìyàwó, ṣé ọrẹ tèmi lo fẹ́ sọ nù lójú ará ilé ni? Kò burú. Ṣùgbọ́n rántí pé epìyà tó há ọmọ sẹ́nu, bí o bá dà á láàmú, yóò gbé ọmọ mì ni. Bí o bá tọwọ́ bọ omi yẹn, ìwọ lo pa wọ́n.”

Òótọ́ ni, ohun tó sì mú ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn. Omíṣadé fa ọwọ́ yọ. Láti ọjọ́ náà, kò ru omi ìkòkò mọ́. Ewé òṣíbàtà ti gbilẹ̀, ó ti bo ojú omi. Bó bá gbọ́ pé nǹkan ń ta pọ́ún nísàlẹ̀, a ní àwọn ẹja òun ń ṣeré.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, adágún kún. Tọmọdé tàgbà jáde sétí omi. Àwọn ọkùnrin gbé ìkòkò wá, Omíṣadé ń tẹ̀ lé wọn, ó fa Àdùnbí lọ́wọ́. Omíyalé súre, ó fa ewé òṣíbàtà kúrò, ó sì rọra tẹ ìkòkò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Omi dà, iyanrìn dà, lẹ́yìn náà ni àrọ̀ kan tó tóbi bí apá àgbàlagbà já bọ́ sórí koríko, ó ń fi ìrù na ilẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó tẹ̀ lé e.

Omíṣadé wólẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tú iyanrìn. Ìpẹ́ ẹja ló ń rí.

“Ta ló fi àrọ̀ sáàárín epìyà?” ni Omíyalé bèèrè.

“Ọkọ mi ló fún mi, Bàbá.” Ó nàka sí Ìgè.

Ìgè ní, “Mo fún un lóòótọ́. Ṣé èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀ títí yóò fi tó báyìí? Ta ni Ìyá Ẹja, èmi ni àbí òun?”

Omíyalé wò ó títí. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ènìyàn lẹ́bi nítorí pé ó ta ìyàwó ilé wọn lọ́rẹ?

“Àdéhùn ni àdéhùn,” ni Omíyalé wí. “Ìgè, ojú omi Àjàdí di tìrẹ. Lọ dẹ ìgèrè rẹ síbẹ̀. Ẹja ni kò sí nínú rẹ̀ mọ́.”

Omíṣadé sunkún lọ́jọ́ náà, ẹkún ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ ni. Àjíún jókòó tì í lórí koríko.

“O kò ṣọ́ wọn ni?”

“Mo ṣọ́ wọn, Ìyá. Ojoojúmọ́ ni mo ń wò wọ́n kí ewé tó bo omi. Ẹja kò ní ìpéǹpéjú. Ojú wọn là sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, mo ṣe bí wọ́n ń rí àrọ̀ náà ni. Wọ́n ti sùn. Èmi náà lajú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọ bàbá ọkọ mi, mo sì sùn.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò tán sétí adágún. Wọ́n ń sọ ọ́ fún aya tuntun, wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń bá ìbátan rẹ̀ pín ogún, títí ó fi di òwe tí gbogbo wa gbọ́ lẹ́nu àgbà: bí ẹja bá sùn, ẹja á fi ẹja jẹ.