Ilé Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Bò Láti Orí

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Lánàá ni Ìbídùn bi mí pé, “Ìyá àgbà, kí ni wọ́n ń pè ní ìjọra-ẹni-lójú?” Mo ní kó dúró di alẹ́. Alẹ́ ti lẹ́ wàyí. Àlọ́ mi fò, ó fò, ó balẹ̀ sórí òrùlé Òòrẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, Ọ̀kẹ́rẹ́ ń fẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ Òòrẹ̀. Òòrẹ̀ pè é, ó ní, “Àna mi, òrùlé mi ti jẹrà. Bò ó kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Bí omi kò bá kán sí mi lórí, máa mú ìyàwó rẹ lọ. Bí ó bá kán sí mi, ọmọ mi kò lọ síbì kankan.”

Ẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ àna kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹgbẹ́ ẹni là ń bẹ̀ lọ́wẹ̀, àna á sì fún wọn lóúnjẹ. Òòrẹ̀ ní òun yóò gún iyán, òun yóò sì se ẹ̀pà agbọ̀n kan. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́ ẹ̀pà, ìrù rẹ̀ nà. Ó rò ó wò pé ẹni mẹ́wàá ni yóò jókòó ti ẹ̀pà yìí. Kí ló dé tí òun kò ní dá a jẹ?

Àfè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àgbà tó mọ ilé í bò, wá bá a. “Ọjọ́ wo la ń lọ sílé àna rẹ?”

“Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n. Èmi tí mò ń sùn lórí igi, kí ló wà lórí òrùlé?”

“O ti bolé rí ni?”

“Mo ti gùn ún rí.”

“Gígùn ọ̀tọ̀, bíbò ọ̀tọ̀,” ni Àfè wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ mọ́. Ṣóńṣó òrùlé ni Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́kọ́ gùn lọ, torí ibẹ̀ ni ará ọ̀nà ń rí. Ó so koríko mọ́ òkè, ó wá ń bọ̀ sísàlẹ̀, ó ń fi koríko ìsàlẹ̀ gun orí ti òkè. Ó ń kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Ta ló bolé yìí o?
Èmi nìkan ni.
Ta ni yóò jẹ̀pà o?
Èmi nìkan ni.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti jókòó ti agbọ̀n. Kò tíì bu ẹ̀kúnwọ́ kejì tí ojú ọ̀run fi ṣú. Omi kan kán sí Òòrẹ̀ lórí.

“Kí nìyẹn?”

“Òógùn yín ni, bàbá.”

Èkejì kán sínú ẹ̀pà. Ni òjò bá dé, ilé bá ń jò bí asẹ́. Gbogbo ẹ̀gún ara Òòrẹ̀ dìde. Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀ nínú omi, ó ń bẹ̀bẹ̀.

“Ọ̀la nìkan ni mo fún ọ,” ni Òòrẹ̀ wí.

Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà, gèlè rẹ̀ ti rin gbingbin. Ó ní, “Lọ bẹ ẹ̀gbọ́n Àfè. Mi ò fẹ́ dàgbà sílé bàbá mi.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré nínú òjò. Àfè bi í pé, “Ibo lo ti bẹ̀rẹ̀?”

“Láti orí.”

Àfè rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Etí òrùlé la ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ti òkè lè gun ti ìsàlẹ̀, kí omi rí ọ̀nà ṣàn.”

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹgbẹ́ dé. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n tún un bò. Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró nílẹ̀, ó ń gbé koríko fún wọn. Wọ́n ní òun ni yóò máa gbe orin:

Ta ló bolé yìí o?
Gbogbo yín ni.
Ta ni kò ní jẹ̀pà o?
Èmi nìkan ni.

Òjò tún rọ̀, ẹ̀kán kan kò wọlé. Òòrẹ̀ fọwọ́ pa orí, ó gbẹ, ó rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró pín oúnjẹ fún ẹgbẹ́ tán, ó gbé ìkòkò òfìfo síwájú ọkọ rẹ̀. Ẹ̀pà tó jóná mọ́ ìdí rẹ̀ ló kù níbẹ̀.

“Ha ìdí rẹ̀ jẹ,” ó ní. “Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀.”

Láti ìgbà náà, bí ẹran kan bá ń fọ́nnu nínú igbó, wọn kì í bá a jiyàn. Wọ́n á kàn bi í pé, “Ibo lo ti bẹ̀rẹ̀?”

Ìdí àlọ́ mi rèé, Ìbídùn. Ìjọra-ẹni-lójú ni kí èèyàn gun òrùlé lẹ́ẹ̀kan, kó ní òun ti mọ ilé í bò. Bí mo bá purọ́, kí ilé mi jò lóru òní. Ẹ wòkè, ẹ wò ó bó ṣe gbẹ.